Láti Ìyẹ̀wù Dé Ojú Pópó: Ọ̀rọ̀ Lórí Mántírà Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àpèjọ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa mántírà, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù máa ń ké, mo ti mọ̀ pé àwọn kan á wá torí pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ awo, àwọn mìíràn á sì wá ṣọ́ mi, kí n má baà sọ ọmọ wọn di ẹlẹ́sìn Híńdù. Kí ọkàn tọ̀tún-tòsì balẹ̀. N kò gbé nǹkan kan wá tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ìfura yẹn palẹ̀, torí mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí ìgbà tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ òògùn Íńdíà. Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ yege ìdánwò, oníṣòwò tó fẹ́ kí ọjà yá, wọ́n á fowó ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á wá máa retí òrùka, ońdè, tàbí ìwé tó kún fún àwòrán abàmì. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé Chicago ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ẹrù náà ti ń wá. Òyìnbó kan, L. W. de Laurence, ló dá ilé ìtẹ̀wé àti ìtajà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ó lẹ orúkọ Híńdù mọ́ ìwé idán, ó sì ń tà á dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean. Sinimá Íńdíà tí a ń wò, tí a ń kọ orin inú rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, tún wá fi iyọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnì kan jókòó ní ìdájí, tó ń tún orúkọ kan náà pè títí ilẹ̀ fi mọ́, ọfọ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ sí i lọ́kàn.

Kì í kúkú ṣe pé irọ́ ni pátápátá. Atharvaveda, ọ̀kan nínú ìwé mímọ́ Veda mẹ́rin, ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe sí ibà, sí oró ejò, sí ọ̀tá, sí olólùfẹ́ tó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọlọ́fọ̀ ilẹ̀ wa tó bá gbọ́ àlàyé rẹ̀ á mi orí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe apá ibẹ̀ ni mo fẹ́ rìn lónìí. Àríyànjiyàn kan wà nínú ẹ̀sìn náà tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí àlejò kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn: ta ló lẹ́nu láti pe mántírà? Ṣé bó ṣe pè é ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni, àbí ọkàn tó fi pè é? Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ń rí lọ́wọ́ wọn, ìlù tí ẹ ń gbọ́ ní òpópónà London, ohùn tó ń jáde láti inú fóònù, inú àríyànjiyàn yìí ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Inú ìyẹ̀wù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Rigveda ló dàgbà jù nínú Veda mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin 1,028 ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ rẹ̀ sì ju 10,000 lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín ọdún 1500 sí 1000 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ké èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní ìhà Punjab, ilẹ̀ tí Íńdíà àti Pakistan jọ pín lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu bàbá sí etí ọmọ, ẹnu olùkọ́ sí etí akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ló gbà. Kódà nígbà tí wọ́n ti mọ ìwé kọ, àwọn Brahmin, ìran àlùfáà wọn, kò fọkàn tán ìwé, wọ́n ní ìwé kì í gbọ́ ohùn.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ yẹ ká dúró tì díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ kọ́ ẹsẹ náà bí wọ́n ṣe ń ké e gan-an, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà, á já wọn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí á wá máa hun wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà tiwa ṣe é. Ká ní ìlà kan ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní jata lọ báyìí: ení èjì, èjì ení, ení èjì, èjì ẹ̀ta, ẹ̀ta èjì, èjì ẹ̀ta. Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni ghana: ení èjì, èjì ení, ení èjì ẹ̀ta, ẹ̀ta èjì ení, ení èjì ẹ̀ta. Wọ́n á wá bọ́ sí orí èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin, wọ́n á tún hun ìyẹn náà, títí wọ́n á fi dé òpin. Kò sí bí ọ̀rọ̀ kan á ṣe já bọ́ nínú irú híhun bẹ́ẹ̀ tí etí kò ní gbọ́. Kò sì sí ọlọ́gbọ́n àgbà tó máa ti tirẹ̀ bọ àárín tí wọn kò ní mọ̀. Ọmọdékùnrin tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ Veda á lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rẹ̀, ẹni tó bá sì là á já dé ìpele ghana, wọ́n á máa pè é ní ghanapathi bí ẹní fi joyè.

Ní 2003, UNESCO kéde kíké Veda mọ́ ara ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Ní 2005, ó kan Ifá. Nígbà tó di 2008, wọ́n jọ wọ inú àkójọ kan náà. Mo fẹ́ràn kí n máa rò ó pé wọ́n jókòó ti ara wọn níbẹ̀. Akọ́fá tó ti dojú kọ Odù 256 láìsí ìwé lọ́wọ́ ni ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ ghana fún tí kò ní bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń ni ara wọn lára.

Kí ló dé tí wọ́n ń ni ara wọn lára lóòótọ́? Torí pé lójú wọn, àṣìpè kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Veda ní ohùn tó ń gòkè, ó ní èyí tó ń rẹlẹ̀, ó ní èyí tó ń ti òkè já bọ̀. Wọ́n ní ìtàn kan tí kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà gbọ́. Indra, ọba àwọn ọlọ́run, pa ọmọ ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Tvashtri. Inú bí Tvashtri, ó ní òun máa bí ọmọ mìíràn tó máa gbẹ̀san. Ó da ọtí soma sínú iná ẹbọ, ó ké mántírà pé kí ẹni tó ń bọ̀ yìí jẹ́ apani fún Indra. Ọ̀rọ̀ tó pè tọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ni kò tọ̀nà: ibi tó yẹ kó ti gbé ohùn sókè kọ́ ló ti gbé e. Pẹ̀lú ohùn tó fi pè é, ohun tí ọ̀rọ̀ náà wá túmọ̀ sí ni ẹni tí Indra máa pa. Ọmọ náà, Vritra, jáde láti inú iná náà, ó tóbi, ó bani lẹ́rù, Indra sì pa á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àmì ohùn lè ṣe fún orúkọ èèyàn, ẹ kò nílò àlàyé mi.

Ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kò wá láìmú nǹkan mìíràn dání. Ohun tí ẹnu lè bàjẹ́, wọn kì í fi sí ẹnu gbogbo èèyàn. Ẹ wo Gayatri, mántírà tó lókìkí jù nínú Veda, ẹsẹ kan péré nínú ìwé kẹta Rigveda, sílébù 24, tí wọ́n ń ké sí Savitr, agbára tó wà nínú oòrùn. Ní ìdílé Brahmin, bí ọmọkùnrin bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n á gbé òwú mímọ́ kọ́ èjìká òsì rẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ tàbí olùkọ́ á wọ abẹ́ aṣọ kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ Gayatri sí i létí. Láti ọjọ́ náà lọ, á máa ké e ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní ọ̀sán àti ní àṣálẹ́. Arábìnrin rẹ̀ kò sí lábẹ́ aṣọ náà. Àwọn Shudra, ìpele kẹrin nínú ètò ìbí wọn, kò lè débẹ̀, àwọn tí wọ́n ka sí aláìmọ́ kò tilẹ̀ ṣeé dárúkọ. Ìwé òfin àtijọ́ kan tí wọ́n ń pe ní ti Gautama sọ pé Shudra tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́tí sí Veda, kí wọ́n da tánganran tó yọ́ sí i létí. Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta, àwọn náà ló pa ohun tó wà nínú ilé mọ́ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. N kò lè gbóríyìn fún wọn kí n má bínú sí wọn, n kò sì lè bínú sí wọn kí n má gbóríyìn.

Àwọn tó wà nínú ilé gan-an ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń ké? Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Èdè Veda ti di àtijọ́ fún àwọn tó ń ké e láti ìgbà láéláé. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Kautsa ti sọ ọ́ láyé àtijọ́ pé mántírà kò ní ìtumọ̀ rárá. Yaska, tó mú ọ̀rọ̀ Kautsa wọ inú ìwé rẹ̀ kó lè ta kò ó, dá a lóhùn pé bí afọ́jú kò bá rí òpó, ẹjọ́ òpó kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Ní 1975, Frits Staal, ọ̀mọ̀wé ọmọ Netherlands, lọ sí abúlé Panjal ní Kerala, níbi tí àwọn Brahmin Nambudiri ti fi ọjọ́ 12 ṣe ẹbọ iná àtijọ́ kan, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó gbè lẹ́yìn Kautsa: ó ní òfin ló kún inú rẹ̀, kò sí ìtumọ̀, ó ní mántírà súnmọ́ orin ẹyẹ ju ọ̀rọ̀ èèyàn lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Staal, ṣùgbọ́n n kò bá a dé ibẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni Staal ń wá. Ẹni tó jókòó síwájú iná ń wo ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ó tó àkókò ká bọ́ síta. Ní gúúsù Íńdíà, ní ọ̀rúndún 11 sí 12, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Ramanuja. Ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń sọ ni pé ó fẹ́ gba mántírà ọlọ́run Narayana, mántírà sílébù mẹ́jọ, lọ́wọ́ àgbà kan ní ìlú Tirukoshtiyur. Láti Srirangam ló ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Àgbà náà lé e padà léraléra, ìgbà kejìdínlógún ló tó gbà. Ó ní kí ó búra pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rí ìgbàlà, ẹni tó bá sì tú u síta máa lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ramanuja búra. Ó jáde, ó gun ilé gogoro tẹ́ńpìlì ìlú náà, ó ké sí gbogbo èèyàn, ó sì kígbe mántírà náà láti òkè. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ gbaná jẹ, ó dá a lóhùn pé bí òun nìkan bá lọ sí ọ̀run àpáàdì tí gbogbo àwọn yìí sì là, ọjà náà kò gbówó lórí. Wọ́n ní ẹnu ya àgbà náà, ó sì gbà á mọ́ra.

Ní Banaras, ní ọ̀rúndún 15, Kabir wà, ahunṣọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé Mùsùlùmí. Ó fẹ́ kí Ramananda, olùkọ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kan, fún òun ní mántírà, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí irú òun wọlé. Ó lọ sùn sórí àtẹ̀gùn etí odò Ganges ní òkùnkùn, níbi tí Ramananda máa ń gbà lọ wẹ̀. Àgbà náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ta gìrì, ó ké orúkọ Rama, ọlọ́run tó ń sìn. Kabir dìde, ó ní òun ti gba mántírà òun. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kọ́ ló jẹ mí lógún. Ohun tí ìtàn náà fẹ́ kí a mọ̀ ni pé aláìlẹ́nu ti rí ọ̀nà wọlé, ẹsẹ̀ onílé fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wọlé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọlọ́ṣà inú igbó tó padà di Valmiki, ẹni tí wọ́n ní ó kọ ìtàn Rama. Ẹ̀ṣẹ̀ ọrùn rẹ̀ pọ̀ débi pé ahọ́n rẹ̀ kò lè pe Rama. Wọ́n ní kó máa pe mara, ọ̀rọ̀ tó jọ mọ́ ikú, ìyẹn kò ṣòro fún apànìyàn. Ó jókòó, ó ń pè é láìdákẹ́, mara mara mara, títí èèrà fi mọ ilé bò ó. Ẹ̀yin náà ẹ pè é léraléra, ẹ máa gbọ́ ohun tó ń yí padà sí. Ẹ wá gbé ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti Tvashtri. Ẹni kan ṣi ohùn kan ṣoṣo gbé, ọmọ rẹ̀ kú. Ẹnì kan pe gbogbo rẹ̀ ní ìdàkejì, ó di ẹni mímọ́. Ẹ̀sìn kan náà ni, wọn kò sì ju ọ̀kankan nínú ìtàn méjèèjì nù.

Ẹni tó gbé orúkọ wá sí ojú pópó délẹ̀délẹ̀ ni Chaitanya, tí wọ́n bí ní 1486 sí Navadvip ní Bengal. Olùkọ́ gírámà Sanskrit ni, ọ̀jáfáfá aláríyànjiyàn ni pẹ̀lú. Ó lọ sí Gaya láti ṣe ètùtù fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó gba mántírà ọlọ́run Krishna lọ́wọ́ olùkọ́ kan níbẹ̀, ó sì padà wálé ní ẹlòmíràn. Kò lè kọ́ni ní gírámà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn jọ lálaalẹ́, wọ́n ń kọrin orúkọ Krishna, wọ́n ń jó, wọ́n ń sunkún. Ìlù alámọ̀ olójú méjì tí wọ́n ń pè ní mridanga ń dún, irin pẹlẹbẹ méjì tó jọ aro ń dún. Olórí á lé e, àwùjọ á gbè é. Kirtan ni wọ́n ń pe èyí, Yorùbá tó mọ lílé àti ègbè kò ní ṣi ibẹ̀ mọ̀. Àwọn aládùúgbò fi ẹjọ́ sùn, kádì ìlú, tó jẹ́ Mùsùlùmí, sì fòfin de ariwo náà. Wọ́n fọ́ ìlù kan. Ohun tí Chaitanya ṣe ni pé ó kó ogunlọ́gọ̀ èèyàn jáde lóru pẹ̀lú ògùṣọ̀, orin lẹ́nu, wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà kádì. Ìtàn wọn sọ pé ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì fi yanjú rẹ̀, kádì sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Lára àwọn tí ó sún mọ́ Chaitanya jù ni Haridasa, ẹni tí wọ́n bí sí ilé Mùsùlùmí, tí wọ́n ní ó ń pe orúkọ nígbà 300,000 lójúmọ́. Kò sí òwú mímọ́ ní èjìká rẹ̀, òun sì ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kirtan ni ti àwùjọ. Japa ni ti ẹnì kan. Fún japa, ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ọ̀kan ńlá tó dá dúró lórí. Àwọn ìdí tí wọ́n ń sọ fún 108 pọ̀ ju kí n máa kà wọ́n lọ, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdí kan ṣoṣo ló wà, ẹ máa wò ó. Àwọn ẹlẹ́sìn Shiva ń lo èso rudraksha gbígbẹ. Àwọn ti Vishnu àti Krishna ń lo igi tulasi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọbẹ̀ ẹfinrin, ìbátan ẹfinrin yín ni tulasi. Ìdílé kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn wà nínú àgbàlá bí ohun ìjọsìn, kì í wọ ìkòkò ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Wọ́n á gé igi rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ẹ roboto, wọ́n á so ó. Ìlẹ̀kẹ̀ náà máa ń wà nínú àpò aṣọ kékeré tí ọwọ́ ọ̀tún wọ̀. Orí ìka àárín ló ń dúró sí, àtàǹpàkò ló ń yí i, wọn kì í fi ìka ìfábẹ̀lá kàn án. Mántírà kan lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kan á kọjá. Bí ó bá yí dé ibi ìlẹ̀kẹ̀ ńlá, kì í fò ó kọjá. Á dá ìlẹ̀kẹ̀ padà, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó parí sí. Ẹni tó ń lo tẹ̀sùbáà nínú yín ti mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún ọkàn tó bá fẹ́ sá lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹnu lè gbà ṣe é: kó dún síta, kó jẹ́ pé ètè nìkan ló ń mì, tàbí kó jẹ́ inú ọkàn. Ìwé òfin Manu ka èyí tí ètè nìkan ń mì sí ju èyí tó dún síta lọ, ó sì ka ti inú ọkàn sí ju méjèèjì lọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn Chaitanya kò gbà pátápátá. Wọ́n ní bí ó bá dún síta, ẹyẹ àti kòkòrò tí kò lè pè é á rí i gbọ́. Ẹ rí i pé àríyànjiyàn náà tún ti padà dé, nínú ohun kékeré bí ìró ohùn.

Mántírà Hare Krishna tí gbogbo ayé mọ̀ kò ní ju orúkọ mẹ́ta lọ, Hare, Krishna àti Rama, tí wọ́n tò lọ́nà tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ 16. Ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé sínú ẹgbẹ́ ISKCON, ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Krishna, ń jẹ́jẹ̀ẹ́ láti yí ìlẹ̀kẹ̀ náà po nígbà 16 lójúmọ́. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìgbà 1,728 ni mántírà náà, bíi wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kí ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ fi ìdajì wákàtí pe orúkọ kan ṣoṣo láìronú nípa owó ilé, kó wá padà wá bá mi.

Bí mántírà yìí ṣe dé òkè òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbà gbọ́. Ní oṣù kẹjọ 1965, bàbá ẹni ọdún 68 kan láti Calcutta, A. C. Bhaktivedanta Swami, tí wọ́n padà ń pè ní Prabhupada, wọ Jaladuta, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 rupee lọ. Àìsàn ọkàn kọ lù ú nígbà méjì lójú omi. Ní 1966, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Second Avenue ní New York, ó dá ẹgbẹ́ ISKCON sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi ní Tompkins Square Park, ó ń lu ìlù, ó ń ké orúkọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn. Ní 1969, George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles ṣe àwo orin mántírà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní London, ó sì wọ inú orin 20 tó tà jù ní Britain. Òun gan-an ni ìtàn Ramanuja, àyàfi pé rédíò ló gùn dípò ilé gogoro.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò Sindhi ti wà ní Èkó láti ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ Chellarams ti wà níbẹ̀ láti 1923, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n fi ìjọsìn wọn sí. Lára àwọn tó gbé e jáde fún ọmọ Nàìjíríà ni Bhakti Tirtha Swami, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Cleveland ní Amẹ́ríkà ní 1950 tó sì kàwé jáde ní Princeton. Wọ́n fi í joyè ní Warri ní 1990. Ní Ghana, Kwesi Essel lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Rishikesh, ó padà wálé, wọ́n sì wá mọ̀ ọ́n sí Swami Ghanananda, ó dá ilé ìjọsìn Híńdù sílẹ̀ ní Accra, ó sì darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2016. Ní Trinidad, níbi tí ọkọ̀ Fatel Razack ti kó àwọn lébìrà Íńdíà àkọ́kọ́ wá ní 1845, àwọn ọmọ Ṣàngó àti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ́ débi pé àwọn ojúbọ òrìṣà kan ń gba ère ọlọ́run Híńdù láàyè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀.

Ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù gan-an kò tì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dayananda Saraswati, tó dá Arya Samaj sílẹ̀ ní Bombay ní 1875, ní Veda jẹ́ ti gbogbo èèyàn, obìnrin àti Shudra pẹ̀lú. Lónìí, ní ìlú Pune, àwọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ àlùfáà, wọ́n ń so tọkọtaya pọ̀, wọ́n ń ké mántírà Veda níbi ìsìnkú. Àwọn kan ń kùn, àwọn mìíràn ń pè wọ́n sílé. Hanuman Chalisa, orin ìyìn ẹlẹ́sẹ̀ 40 tí wọ́n sọ pé Tulsidas kọ ní ọ̀rúndún 16, wà lórí YouTube ní ohùn Hariharan, ìgbà tí wọ́n sì ti wò ó ti ju bílíọ̀nù kan lọ dáadáa. Àpótí kékeré oníná tún wà lọ́jà níbẹ̀, tó ń ké mántírà tọ̀sántòru fúnra rẹ̀. Níbi àpótí yìí ni mo ti dúró tì àwọn àgbà ìyẹ̀wù. Ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí ẹ tó bèèrè: ṣé Kristẹni tàbí Mùsùlùmí lè ké mántírà fún ìlera lásán? Maharishi Mahesh Yogi, tí àwọn Beatles lọ bá ní Rishikesh ní 1968, sọ pé ó ṣeé ṣe. Ó ń ta ẹ̀kọ́ àṣàrò tí wọ́n á fi fún oníkálukú ní mántírà tí kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ní kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹ̀rí ara wà fún un dé ibì kan. Ní 2001, ìwé ìròyìn ìṣègùn British Medical Journal gbé iṣẹ́ Luciano Bernardi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde: wọ́n ní kí àgbàlagbà 23 gba àdúrà róṣárì ní Látìn, kí wọ́n sì tún ké mántírà kan, èyí tó jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ní Tibet. Méjèèjì fa ìmí wọn gùn sí bíi mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn wọn sì bá ìmí náà rìn dáadáa. Ẹ ṣàkíyèsí pé róṣárì ṣe é, mántírà náà ṣe é. Bí ìmí bá ni èèyàn ń wá, kò nílò láti rìn dé Íńdíà.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọlẹ́yìn Chaitanya pé ṣé ìdárayá ìmí lòun ń ṣe. Ó máa sọ fún yín pé Krishna àti orúkọ Krishna jẹ́ ọ̀kan náà, pé ẹni tó bá pe orúkọ ti wà níwájú ẹni tó pè. Lójú rẹ̀, kò sí bí èèyàn á ṣe pe ẹnì kan láìpè é. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ torí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣàrò Maharishi yìí ní ilé ìwé ìjọba ní New Jersey. Àwọn adájọ́ gbọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba mántírà, olùkọ́ á ké orin Sanskrit níwájú àwòrán àgbà kan pẹ̀lú èso, òdòdó àti aṣọ ìnujú funfun. Ní 1979, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i pé ẹ̀sìn ni, kí wọ́n dá a dúró nílé ìwé. Àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn kò mọ Navadvip, wọn kò sì yí ìlẹ̀kẹ̀ rí, síbẹ̀ ibi tí ọmọlẹ́yìn Chaitanya dúró sí ni wọ́n dé. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn.

Mo rí i pé àwọn bàbá méjì ti nawọ́ sókè lẹ́yìn; ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn.